Èèpo Ẹ̀gẹ́ Kì Í Pọ̀ Jù Nígbà Kan

Láyé ọjọ́un, a kì í gbọ́ pé èèpo ẹ̀gẹ́ pọ̀ jù. Ìwọ̀nba ẹ̀gẹ́ tí ará ilé lè fọwọ́ bó tán lóòjọ́ ni wọ́n ń wú, ewúrẹ́ á sì ti dúró ti ìyá tó ń bó o. Èyí tí ẹran bá jẹ kù, àkìtàn ló ń lọ. Àkìtàn ọ̀hún kì í jìnnà: ẹ̀yìn ilé ìdáná ni, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Eérú ààrò, eèrí ògì, ewé ẹ̀kọ, èèpo iṣu, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń pàdé. Bí òjò bá rọ̀ tán, olú á hù níbẹ̀. Bí ọdún bá yí po, ìyá á bu ilẹ̀ dúdú ibẹ̀ sídìí ẹ̀fọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ta ló sọ èèpo di ilẹ̀.

Àìbéèrè kọ́ ni àìmọ̀ o. Ẹ wo irú. Wọ́n á se hóró irúgbá fún wákàtí gbọọrọ, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo bọ́, wọ́n á tún un sè, wọ́n á dà á sínú igbá, wọ́n á fi ewé àti àpò dè é mọ́ ooru. Bó bá di ọjọ́ kẹta, á ti máa fà, òórùn rẹ̀ á ti dé ojúlé kejì. Bacillus subtilis ni àwọn onímọ̀ ń pe kòkòrò àìfojúrí tó jẹ́ ọ̀gá òṣìṣẹ́ inú igbá yẹn. Ó ń sun ẹ́ńsáìmù jáde, ìyẹn èròjà tí ohun abẹ̀mí fi ń tú oúnjẹ palẹ̀ kó tó lè jẹ ẹ́, ẹ́ńsáìmù yìí ló sì ń gé purotéènì inú hóró sí wẹ́wẹ́ tí irú fi ń dùn. Ìyá onírú kò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Imú rẹ̀ ló fi ń mọ̀ pé ó tó ṣí. Èmi ò mọ ẹni tí mo lè tọ́ka sí ládùúgbò mi báyìí tí imú rẹ̀ mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú ike ni a ti ń ra irú, bí kì í bá ṣe Maggi la kúkú jù sọ́bẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé máa dá sí i, ẹ̀gẹ́ náà ni wọ́n dì mú. Ní 1959, Collard àti Levi tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé Nature lórí bí ẹ̀gẹ́ tí a rin ṣe ń kan. Wọ́n ní ìpele méjì ni: bakitéríà á kọ́kọ́ jẹ sítáàṣì, á sọ ọ́ di kíkan, bó bá kan tó, Geotrichum candidum, tí í ṣe ìbátan àwọn tí ń mú oúnjẹ bu, á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á sì fún gààrí ní òórùn rẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ti tún ọ̀rọ̀ náà tò, wọ́n ní irú bakitéríà tí ń mú wàrà kan ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ṣáà dá wọn lójú pé iṣẹ́ ń lọ nínú àpò tí wọ́n fi òkúta tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ayé ti wá yí. Nàìjíríà ló ń kórè ẹ̀gẹ́ jù lọ lágbàáyé, ẹ̀rọ sì ti gba iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí tà lónìí, ẹ óò rí òkìtì èèpo tí ewúrẹ́ gbogbo àdúgbò kò lè jẹ tán. Omi tí jáàkì fún jáde ń ṣàn, koríko ojú ọ̀nà rẹ̀ ń kú, nítorí májèlé sáyánáídì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọ́n á sọná sí òkìtì, èéfín á sì gba ìlú. Ẹ̀yìnkùlé tí àkìtàn wà ńkọ́? A ti da sìmẹ́ǹtì sí i.

Orí òkìtì yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wá ń bu ilẹ̀ sínú ìgò, kí wọ́n lè wá kòkòrò àìfojúrí tí ń jẹ sítáàṣì nínú rẹ̀. Ìyá onígààrí á bi wọ́n pé:

“Ọmọ mi, ìdọ̀tí yìí náà lẹ fẹ́ gbé lọ ilé ẹ̀kọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Díẹ̀ la fẹ́, mà.”

“Ẹ má bu díẹ̀ o. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ lọ!”

Wọ́n á po gíráàmù kan nínú rẹ̀ mọ́ omi tí wọ́n ti sè, wọ́n á là á lómi léraléra títí á fi ṣàn dáadáa, wọ́n á wá ta díẹ̀ sórí agar, ìyẹn oúnjẹ dídì tí wọ́n fi ń sin kòkòrò àìfojúrí, èyí tó ní sítáàṣì, nínú àwo pẹlẹbẹ. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, àwọn kókó kéékèèké á ti yọ, òmíràn funfun, òmíràn ràkọ̀ràkọ̀, òmíràn ń yọ̀. Ìgbà náà ni wọ́n á da iodine lé e. Ojú àwo á ṣú bí aró lọ́gán, bí iodine ṣe ń ṣe sí sítáàṣì nìyẹn. Ṣùgbọ́n yíká àwọn kókó kan, ibẹ̀ kò ní ṣú rárá, á mọ́ roro. Kòkòrò àìfojúrí tó wà láàárín ibẹ̀ ti tú gbogbo sítáàṣì tó yí i ká palẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńsáìmù rẹ̀ tí ń jẹ́ amylase. Wọ́n á fi rúlà wọ̀n ọ́n. Àyíká tó bá fẹ̀ jù, kòkòrò àárín rẹ̀ ni wọ́n á mú.

Ibẹ̀ gan-an ló ti ń dùn mí. Èyí tí wọ́n mú yẹn á wọ fìríìjì, orúkọ rẹ̀ á wọ ìwé àṣejáde, iná á lọ fún ọjọ́ mélòó kan, ó parí. Ní 1894, Jokichi Takamine, ọmọ Japan, gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí ẹ́ńsáìmù tó rí lára ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ń pọn ọtí ìrẹsì láti ayébáyé. Eèrí àlìkámà ló gbìn ín lé, ó sì tà á gẹ́gẹ́ bí oògùn inú tí oúnjẹ kò dà. Tiwa ńkọ́? Ní 1988, ìjọba fòfin de mọ́ọ̀tì bálì láti òkè òkun, àwọn ọlọ́tí yí sí ọkà bàbà. Ẹ́ńsáìmù inú ọkà bàbà kò lágbára tó ti bálì, ni wọ́n bá ń ra ẹ́ńsáìmù láti òkè òkun kún un. Wọ́n ní ká má kó ọkà wọlé, a wá ń kó ohun tí ń tú ọkà wọlé, nígbà tí òkìtì ń jó lẹ́yìn ilé gààrí.

Ìyípadà kan ti ń yọjú ṣá. Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ ILRI àti IITA, ilé ìwádìí àgbáyé lórí ẹran ọ̀sìn àti lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, ti fi hàn pé a lè rin èèpo tútù, ká fún un, ká jọ̀ ọ́, ká yan án tàbí ká sá a, kó di oúnjẹ adìẹ, ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹja. Bí wọ́n bá ti rin ín, ẹ́ńsáìmù inú èèpo fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú sáyánáídì sílẹ̀. Kíákíá ni wọ́n ń ṣe é, kí kòkòrò àìfojúrí tó débẹ̀, nítorí èèpo tó bá pẹ́ nílẹ̀ á ti bu. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wá kiri ni àwọn wọ̀nyí ń sá fún. Bí òwò wọn bá gbilẹ̀, ìyá onígààrí kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé kó kó gbogbo ẹ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó sì fẹ́ òkìtì ọlọ́jọ́ pípẹ́ á ní láti bá a ṣàdéhùn ṣáájú.