GRA Ìkẹjà: Iṣẹ́ Wà Níbẹ̀, Ibo La Máa Sùn?

Àwọn ọmọ wa tó ń ti òkè bọ̀ wá ṣiṣẹ́ l'Ékòó ń pọ̀ sí i, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn sì máa ń bi wá: ibo la máa sùn? Ní ìgbà òjò tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ríṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní GRA Ìkẹjà. Láti Ìbàdàn ló ti ń bọ̀, òun àti báàgì aṣọ méjì àti Ifá rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta la fi wá ilé. Mo fẹ́ sọ ohun tí a rí fún yín, nítorí wíwá ilé fún ẹni tó ń bọ òrìṣà kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan.

GRA Ìkẹjà dára lójú. Igi ńláńlá ṣíji bo títì, ọgbà ilé kan ṣoṣo lè gba ilé mélòó kan ti Agége, ẹ sì lè rìn títí kí ẹ má gbọ́ ariwo kankan àfi ti jẹnẹrétọ̀ àti ti bààlúù tó ń balẹ̀ ní pápákọ̀ Mùrítàlá Muhammed. Láyé òyìnbó amúnisìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ya irú àdúgbò báyìí sọ́tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọn káàkiri Nàìjíríà. Nígbà ìjọba Lugard, ìlànà wọn ni pé kí ilẹ̀ gbalasa tó fẹ̀ tó 440 yáàdì wà láàárín ilé òyìnbó àti ilé àwọn aláwọ̀ dúdú. Wọ́n ní nítorí ẹ̀fọn àti ibà ni. Lónìí, orúkọ àwọn èèyàn wa ló wà lára títì níbẹ̀: Odùduwà, Ọba Akinjọ́bí, Adékúnlé Fájuyì. Títì kan tilẹ̀ ń jẹ́ Ṣóbò Aróbíodu, akéwì Ẹ̀gbá tó fi ohùn àrùngbè, ohùn àwọn olórò, kéwì. Orúkọ wa wọ GRA, ṣùgbọ́n owó ilé ò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa lè gbé ibẹ̀.

Ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ tówó oṣù rẹ̀ kéré fi ń gbé GRA ni bọ́ìs kọ́tà, ilé kékeré ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n kọ́ fún ọmọ ọ̀dọ̀ látijọ́. A rí ọ̀kan: yàrá kan, ilé ìwẹ̀, àti ilé ìdáná tí èèyàn méjì ò lè dúró sí. Ilẹ̀ wà níwájú rẹ̀, igi máńgòrò wà. Ọmọ náà ti ń fojú wá ibi tí Èṣù máa jókòó. Onílé wá ní owó ọdún méjì lòun máa gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, "Ṣebí ọdún kan ni òfin Èkó sọ?" Éjẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín: "Bàbá, òfin yẹn ò dé ibí."

Òótọ́ ló sọ. Òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ní onílé ò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó gbà á jẹ̀bi, ẹni tó san án náà jẹ̀bi. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n òfin yìí kan náà yọ àdúgbò mẹ́rin sílẹ̀: Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island. Ẹni tó bá fẹ́ gbé GRA, kó ka ìwé àdéhùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i.

Kì í sì í ṣe owó ilé nìkan. Éjẹ́ǹtì á gba tirẹ̀, lọ́yà á gba owó àgíríìmẹ́ǹtì, onílé á gba owó kọ́ṣọ̀n nítorí ohun tó lè bàjẹ́. Ó wọ́pọ̀ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé. Ká ní ilé jẹ́ ₦1,000,000 lọ́dún, ẹ múra ₦1,300,000 sílẹ̀ kí ẹ tó ra ẹní tí ẹ máa sùn lé. Ẹ sì gba rìsíìtì. Òfin 2011 yẹn ní dandan ni kí onílé já a fún ẹni tó sanwó.

A kúrò ní GRA, a dojú kọ ọ̀nà rélùwéè. Ilẹ̀ Àwórì ni Ìkẹjà àti Agége, rélùwéè tó kúrò l'Ékòó tó sì dé Ìbàdàn ní 1901 ló là wọ́n kọjá. Agége ni àwọn àgbẹ̀ bíi J. K. Coker ti gbin kòkó àti obì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, òwò obì sì gbilẹ̀ níbẹ̀ láàárín àwa àti àwọn Hausa. Nígbà tó yá, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Ìkẹjà. Òṣìṣẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ yẹn ò lè gbé GRA. Agége àti àwọn àdúgbò tó yí i ká ni wọ́n ń sùn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí fún ọ̀pọ̀ èèyàn: Ìkẹjà ni iṣẹ́ wà, ẹ̀bá rélùwéè ni ibùsùn wà.

Ohun tó yí padà ni ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Red Line. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù kejì 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Láti Agbádó ló ti ń bọ̀, ó ń dúró ní Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mùṣín àti Yábàá, kó tó dé Òyìngbò. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ní Ìjú, Agége nìkan ló máa kọjá kó tó dé Ìkẹjà. Káàdì tí wọ́n fi ń sanwó rẹ̀ ń jẹ́ Cowry, ìyẹn owó ẹyọ, ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òrìṣà ò ṣáà fi wá sílẹ̀." Àmọ́ ọkọ̀ yìí kì í pọ̀ bíi dánfó. Kí nọ́ọ̀sì tàbí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru kọ́kọ́ béèrè àkókò tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ kó tó sanwó ilé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Ní Ọgbà, a rí yàrá àti pálọ̀ tó mọ́ tónítóní. Kí a tó wọlé ni éjẹ́ǹtì ti sọ fún wa pé bí wọ́n bá béèrè, ká ṣáà dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì kan. Màmá onílé gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó ń pe ọmọ náà ní "ọmọ mi". Ó wá béèrè pé, "Ṣọ́ọ̀ṣì wo lẹ̀ ń lọ?" Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, Ifá la ń bọ nílé wa." Màmá dákẹ́. Ó ní òun máa pè wá. Kò pè.

Lójú ọ̀nà, ọmọ náà bi mí pé, "Bàbá, àbí kí n dá Ifá padà sílé ni?" Mo ní rárá. Ẹni tó bá fi irọ́ wọlé, ó gbọ́dọ̀ máa pa irọ́ náà títí ọdún á fi yí po: á máa fi aṣọ bo Ifá rẹ̀, á máa bẹ̀rù ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn. Kí la wá sanwó ilé fún?

Ní ọjọ́ kẹta, a dé ilé Alhaji àgbàlagbà kan ní Ìjú. Kí a tó béèrè iye tí yàrá jẹ́ ni ọmọ náà ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ẹ̀sìn rẹ̀. Bàbá ronú díẹ̀, ó wá bi í léèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta: "Ṣé ẹ máa da epo sí ẹnu géètì mi? Ṣé ẹ máa lu ìlù lóru? Ṣé ẹ máa so ewúrẹ́ mọ́ inú ọgbà?" Ó dáhùn pé inú yàrá lòun ti máa ń ṣe ọ̀sẹ̀ Ifá pẹ̀lú obì àti omi tútù, tó bá di ọdún ńlá, Ìbàdàn lòun máa lọ. Bàbá ní, "Bàbá tó bí bàbá mi, Ògún ló bọ títí tó fi kú. Ẹ wá wo yàrá."

Ìbéèrè rẹ̀ ò bí mi nínú. Onílé lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí wọ́n máa ṣe nínú ọgbà rẹ̀. Ilé náà kì í ṣe ti GRA: omi kàǹga ni wọ́n ń lò, ilé ìwẹ̀ méjì ni ayálégbé mẹ́fà ń pín lò. Ṣùgbọ́n owó ọdún kan ni bàbá gbà, ó já rìsíìtì, Ifá sì wà lórí tábìlì tirẹ̀, kò sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 38, fún gbogbo wa lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ẹ̀sìn tó wù wá, ní gbangba tàbí ní kọ̀rọ̀. Àmọ́ òfin ò lè bá wa wá yàrá. Ẹbí ló lè ṣe ìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ní yàrá tó ṣófo láti Agbádó dé Òṣòdì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ fún ẹbí kí ẹ tó pe éjẹ́ǹtì. Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè lọ́wọ́ olúwo yín ohun tí ọmọ lè gbé dání àti èyí tó gbọ́dọ̀ dúró ní agboolé, nítorí yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ò ní ilẹ̀ tí Èṣù máa jókòó sí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sọ òtítọ́ kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó máa kọ̀ yín, ó sàn kó kọ̀ yín nígbà tí owó ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Kí Elédùmarè àti òrìṣà fún àwọn ọmọ wa tó wà lájò ní ibùsùn tó tura. Àṣẹ.