Mo Wá Alábàárò Dé Alajue

Ẹ̀yin abiyamọ ẹlẹgbẹ́ mi, a máa ń rìnrìn àjò lọ síbi ọ̀fọ̀, a sì máa ń lọ síbi ayẹyẹ. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò tí mo rìn lọ sí Ẹdẹ ní ọjọ́ Sátidé kan kì í ṣe ti ọ̀fọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ayẹyẹ. Àbúrò mi obìnrin kan tí ó lọ́kọ sí Alajue ni ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wá ibi tí wọ́n ti ń ran ọ̀mùtí lọ́wọ́." Mo bi í pé ta ni ọ̀mùtí náà. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, kí ó tó dáhùn pé, "Èmi ni."

Mo gba ọ̀nà Gbọ̀ngán, mo kọjá Akódà, mo sì wọ Ẹdẹ Màpó Arógun, ìlú tí Tìmì Láoyè Kìíní ti jọba láti 1946 títí di 1975, ọba tí ó mọ ìlù dùndún lù tó bẹ́ẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn dé òkè òkun. Nígbà tí mo dé Alajue, àwọn ọmọdé ń ti ilé kéú bọ̀, àwọn ìyá wọn sì ń dáná oúnjẹ ọ̀sán.

Àbúrò mi ro ẹjọ́ rẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn tí ó bí ọmọ kejì, ẹ̀yìn ń dùn ún. Aládùúgbò kan sì júwe àgbo jẹ̀díjẹ̀dí fún un. Ògógóró ni wọ́n fi rẹ àgbo náà. Ife kékeré kan ní òwúrọ̀ di méjì, ó di ti alẹ́ pẹ̀lú. Nígbà tí ó yá, egbò igi tán nínú ìgò, ó ku ọtí nìkan. Ó ní, "Oògùn ni mo ń pè é, títí di ọjọ́ tí mo sùn lọ nídìí sítóòfù, tí ọmọ mi sì ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná." Mo wo ọwọ́ ọmọ náà, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ojú tì mí. Ọdún púpọ̀ ni mo ti fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa oúnjẹ abiyamọ, n kò sì sọ̀rọ̀ àgbo ọlọ́tí fún wọn rí.

Bí a óò ti béèrè gan-an ni ìṣòro. Ọ̀pọ̀ ará Ẹdẹ ni ó jẹ́ Mùsùlùmí, èèwọ̀ sì ni ọtí fún wọn. Bí ó bá wá jẹ́ obìnrin ni ó ń mu ún, ìtìjú a di ìlọ́po méjì. A dé ọ̀dọ̀ olóògùn òyìnbó kan. Oògùn oorun ni ó fẹ́ tà fún wa. A dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan. Ó ní kí a máa gbàdúrà, kí a sì pa ẹnu mọ́. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n ìpanumọ́ ni ó gbé e dé ibi tí ó wà.

Nígbẹ̀yìn, a dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ìyá náà kò bá a wí, kò sì ya ẹnu. Ó kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i, nítorí ara lè máa gbọ̀n, gìrì lè gbé e, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ó dárúkọ ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti ti Arò ní Abẹ́òkúta, níbi tí Dókítà Adéoyè Lambo ti jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé ìtòsí ní àwọn ọdún 1950, nítorí ó gbà pé ẹbí jẹ́ ara ìwòsàn.

Lẹ́yìn èyí ni ó tó sọ̀rọ̀ nípa ìpàdé tí a ń wá. Ní 1935, ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà, Bill Wilson àti Dókítà Bob Smith, tí ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé wọn jẹ́, jókòó pọ̀. Wọ́n rí i pé bí ọ̀mùtí bá ń sọ òótọ́ fún ọ̀mùtí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó máa ń rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti lo ọjọ́ kan láìmu ún. Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í gba owó ìwọlé. Ìfẹ́ láti jáwọ́ nìkan ni wọ́n ń béèrè, wọn kì í sì í tú àṣírí ara wọn. Ní 1951, Lois, aya Bill, wà lára àwọn tí ó dá Al-Anon sílẹ̀ fún àwọn ẹbí ọ̀mùtí.

Nọ́ọ̀sì ní, "N kò mọ irú rẹ̀ ní àdúgbò yìí. Ṣùgbọ́n ṣebí àwọn méjì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀? Obìnrin kan wà tí ó máa ń yọ́ wá sọ́dọ̀ mi lálẹ́. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò yàtọ̀ sí tìrẹ."

Àbúrò mi rí dókítà, ó gba ìtọ́jú. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nọ́ọ̀sì ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí mo tún lọ, wọ́n ti di mẹ́rin. N kò wọlé, nítorí ìpàdé náà kì í ṣe tèmi. Ìta ni mo jókòó sí, mo gbé ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ní àpá sí itan. Nígbà tí àbúrò mi jáde, ó sọ fún mi pé òun ti mu ún lẹ́ẹ̀kan láàárín. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo mu ún tí n kò fi í pamọ́."

Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi rẹ àgbo kí ẹ tó gbé e mì, pàápàá ẹ̀yin aboyún àti ẹ̀yin tí ẹ ń fún ọmọ lọ́mú, nítorí ọtí inú rẹ̀ a máa dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Bí ó bá sì ti di bárakú fún yín, ẹ wá dókítà, kí ẹ sì wá alábàárò. Ìlú Tìmì Láoyè ni mo ti bọ̀, ará ibẹ̀ sì mọ̀ pé ìyáàlù nìkan kọ́ ni dùndún. Gúdúgúdú àti kẹríkẹrì gbọ́dọ̀ bá a lọ kí ijó tó dùn.