Tọ́báìnì tí Ṣọ́jà Lè Gbé Kọ́ Èjìká

(Ẹ̀gbọ́n ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Ẹ̀pẹ́. Àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé sí Ìkòròdú.)

Ẹ̀GBỌ́N: Tọ́báìnì, tọ́báìnì! Ṣé ti ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Egbin lẹ́bàá ilé yín níbẹ̀ kò tó ọ wò ni? Mẹ́fà ni, 220 mẹ́gáwáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan, láti àwọn ọdún 1980. Síbẹ̀ jẹnẹrétọ̀ ló ń bọ́ mi.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ti Egbin yàtọ̀. Gáàsì ni wọ́n fi ń se omi níbẹ̀, ooru omi ló ń yí abẹ̀bẹ̀. Èyí tí mò ń wí kò ní omi nínú. Á fa afẹ́fẹ́ wọlé, á fún un pọ̀, á da epo sí i, á dáná sí i. Èéfín gbígbóná tó ń sáré jáde ló ń yí i. Kò sí pístìnì, kò sí rínǹgì tó máa jẹ.

Ẹ̀GBỌ́N: Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Eré rẹ̀ ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Ti Egbin ń yí 3,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Ti Capstone, ní Kalifọ́níà, tó ń mú 30 kílówáàtì wá, 96,000 ni. Bí abẹ̀bẹ̀ bá ṣe kéré tó ló gbọ́dọ̀ sáré tó. Wọn ò fi òróró sí bẹ́árìn ti Capstone yìí, orí afẹ́fẹ́ ni ọ̀pá rẹ̀ ń léfòó. Ní yunifásítì MIT, láàárín àwọn ọdún 1990, Alan Epstein àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ èyí tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ìgbà tí wọ́n ní kó máa yí ní ìṣẹ́jú. Àwọn ológun Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó náwó sí i.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni ṣọ́jà fẹ́ fi í ṣe?

ÀBÚRÒ: Rédíò, dróònù, bátìrì tó fẹ́ gba iná. Ẹ rántí Operation Awatse ní 2016, nígbà tí àwọn ológun Nàìjíríà wọ irà Arepo àti Ishawo lọ bá àwọn tó ń fọ́ páìpù epo. Ta ló fẹ́ gbé jẹnẹrétọ̀ kọ́ èjìká nínú irà? Tọ́báìnì lè mu dísẹ́ẹ̀lì tí ọkọ̀ wọn ń mu, wọn ò ní gbé pẹtiróòlù lọ́tọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwúwo ẹ̀rọ nìkan lò ń sọ. Epo ńkọ́? Oníbàárà mi ra jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ojoojúmọ́ ló ń ra epo.

ÀBÚRÒ: Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wàhálà wà. Àlàfo tó wà láàárín abẹ̀bẹ̀ àti ilé rẹ̀ kì í kéré tó bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀rọ bá kéré, afẹ́fẹ́ á máa sá gba ibẹ̀. Ooru náà á máa wọ ibi tó yẹ kó tutù. Kílò dísẹ́ẹ̀lì kan ní bíi 12 kílówáàtì-wákàtí nínú. Kílówáàtì kan fún ọjọ́ mẹ́ta, 72 ni. Bí ẹ̀rọ bá rí ìdá kan nínú márùn-ún agbára epo lò, 30 kílò epo lẹ máa gbé. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, 60 ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ̀rọ fífúyẹ́ ti wá wúwo ju èyí tó wúwo lọ.

ÀBÚRÒ: Wọ́n lè fi ooru èéfín mú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti fún pọ̀ gbóná kó tó dé ibi iná, epo á dínkù. Àmọ́ irin ni àpótí tó ń ṣe é, ó ní ìwúwo tirẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fẹ́ lò nínú irà ni kí ẹ kọ́kọ́ bi ọ̀gá wọn. Fún òru kan, ẹ fún un ní fífúyẹ́ tó ń mu epo. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi àpótí yẹn sí i. Bó bá wá kọṣẹ́ ní Ishawo, ta ló máa tún un ṣe?

ÀBÚRÒ: Wọn kì í tú u níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni wọ́n máa dá a padà sí.

Ẹ̀GBỌ́N: Méjì ni wọ́n máa gbé dání nìyẹn. Lọ tún ìṣirò rẹ ṣe.