Láti Ọjà Igbó Dé Ẹnubodè Ọkọ̀ Òfurufú

Ẹni tí ó bá dé Ọjà Igbó ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí yóò rí i pé kì í ṣe ibi iṣu, èlùbọ́ àti ata nìkan mọ́. Nítòsí àwọn ìyá ọlọ́jà ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin jókòó nídìí tábìlì kékeré, tí wọ́n ń tún fóònù ṣe, tí wọ́n sì ń ta bátìrì àti ṣájà. Ó sì ṣòro láti rí agbo ilé tí kò ní ọmọ tàbí ìbátan ní òkè òkun. Nítorí náà, bí a bá ti gbọ́ pé ìyá kan ń lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn aládùúgbò a bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wá. Èyí mú gàrí wá, èkejì mú aṣọ òkè wá, ẹ̀kẹta a sì kúnlẹ̀, a ní, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi mú fóònù yìí dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi." Fóònù náà ti wà nínú páálí, a sì ti fi téèpù dì í pinpin. Ojú a máa ti ìyá láti kọ̀ ọ́. Lórí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Ọ̀nà ìrìn àjò náà gba Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn kọjá títí dé Ìkẹjà, níbi tí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed wà, èyí tí a ṣí ní ọdún 1979. Ní ayé àwọn baba wa, ìlú a máa ní odi àti ẹnubodè, oníbodè a sì máa bi arìnrìn-àjò léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀ àti ohun tí ó rù. Odi ti wó, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò parẹ́. Ní pápákọ̀, òṣìṣẹ́ aláàbò yóò béèrè pé, "Mama, ṣé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ di ẹrù yìí? Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni fún yín ní ohunkóhun pé kí ẹ bá òun gbé?" Kí ni ìyá wa yóò wí nípa páálí tí kò tú wò rí?

Lẹ́yìn ìbéèrè ni ẹ̀rọ. A ó ní kí arìnrìn-àjò yọ kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ jáde, kí ó sì tẹ́ ẹ sínú àwo ní òun nìkan. Èyí kì í ṣe ìwọ̀sí. Ìtànṣán ẹ̀rọ náà ń gba inú aṣọ àti ìwé kọjá wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bátìrì àti irin inú kọ̀ǹpútà ki, wọn a sì ṣú dùdù nínú àwòrán, tó bẹ́ẹ̀ tí ohun mìíràn lè fara pamọ́ sábẹ́ wọn. Níbi tí wọ́n bá ti ní ẹ̀rọ titun tí ń wo ẹrù yí ká ní gbogbo ìhà, a lè má ní kí a yọ ọ́ mọ́. Nígbà mìíràn òṣìṣẹ́ a fi aṣọ pélébé nu ara fóònù, a sì fi aṣọ náà sínú ẹ̀rọ tí ń mọ̀ bí ẹ̀tù bá ti kàn án. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a ní kí a tan án. Ní oṣù keje ọdún 2014, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé, ní àwọn pápákọ̀ kan tí bàálù ti ń lọ tààrà sí ilẹ̀ wọn, ohun èlò tí kò bá lè tàn kò gbọdọ̀ wọ bàálù.

Kì í ṣe lásán ni wọ́n ń ṣe èyí. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá ọdún 1988, àdó olóró tí a fi pamọ́ sínú rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì fọ́ bàálù Pan Am 103 ní ojú òfurufú ìlú Lockerbie ní ilẹ̀ Scotland. Ènìyàn 259 inú rẹ̀ kú, àwọn 11 sì kú ní ilẹ̀. Ilé ẹjọ́ rí i pé àpótí tí rédíò náà wà nínú rẹ̀ ń dá rìn ni: olówó rẹ̀ kò sí nínú bàálù. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 2016, àdó olóró inú kọ̀ǹpútà alágbèéká dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ bàálù Daallo tí ó gbéra ní Mogadishu. Ẹni tí ó gbé e wọlé nìkan ni ó kú, bàálù sì padà balẹ̀. Àwọn aláṣẹ Sòmálíà fi àwòrán hàn pé lẹ́yìn tí a ti yẹ ọkùnrin náà wò tán ni àwọn mìíràn fi kọ̀ǹpútà náà lé e lọ́wọ́ nínú pápákọ̀.

Ọ̀ràn náà sì ti kan àwa pẹ̀lú. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2009, Umar Farouk Abdulmutallab, ẹni tí ó wọ bàálù ní Èkó tí ó sì gba Amsterdam kọjá, gbìyànjú láti fi ẹ̀tù tí ó rán mọ́ àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ fọ́ bàálù tí ó ń lọ sí Detroit. Kò ṣe é yọrí, kò sì sí ẹni tí ó kú. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, Amẹ́ríkà ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè 14 tí a ó máa yẹ èrò wọn wò ju ti àwọn yòókù lọ. Oṣù kẹrin ni wọ́n tó pa òfin náà dà. Ìyá tí kò ṣẹ̀ tí kò rò ni a tìtorí ẹnì kan tú ẹrù rẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò burúkú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ohun kan kù tí ó yẹ kí ẹ mọ̀, èyíinì ni ti bátìrì. Bátìrì lithium, irú èyí tí ó wà nínú fóònù, lè gbaná bí ó bá bàjẹ́. Bí iná bá yọ lọ́wọ́ èrò, a ó rí i, a ó sì pa á. Bí ó bá yọ nínú ikùn bàálù níbi tí ẹrù wà, ó di wàhálà ńlá. Nítorí náà ni páwà báǹkì kò gbọdọ̀ fi wọ inú àpótí ńlá: inú àpò ọwọ́ ni ààyè rẹ̀. Èyí tí agbára rẹ̀ kò bá ju 100 Wh lọ ni a sábà ń gbà láìtọrọ àyè. Èyí tí a kọ 20,000 mAh sí lára jẹ́ nǹkan bí 74 Wh, kò sì ní wàhálà. Ti 30,000 jẹ́ nǹkan bí 111, àfi kí a tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn oníbàálù.

Kí ni kí a wá ṣe sí páálí aládùúgbò? Èmi kò wí pé kí a pa ìwà ọmọlúàbí tì. Ẹ kàn wí fún un pẹ̀lú ẹ̀rín pé, "Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí a tú u, kí a tan án, kí n lè mọ ohun tí mo rù." Ẹni tí inú rẹ̀ mọ́ yóò tú u. Ẹni tí ó bá kọ̀, kí ó gbé ẹrù rẹ̀ padà, kí ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹ̀yin tí ń fi ẹrù ránṣẹ́ pẹ̀lú, ẹ má dúró kí a tó bi yín: ẹ mú fóònù náà wá ní títú, kí bátìrì rẹ̀ ní iná nínú, kí ẹ sì sọ orúkọ ẹni tí yóò gbà á. Bí oníbodè bá wá béèrè pé, "Mama, kí ni èyí?", ìyá wa yóò lè dá a lóhùn láìgbọ̀n, nítorí ó mọ ohun tí ó gbé.