Alángbá Orí Àpáta Ìdànrè

Ẹ̀yin òbí tí ẹ máa ń mú àwọn ọmọ jáde ní àkókò ìsinmi, Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, jẹ́ ibi tó yẹ kí ẹ dé. Orí àpáta gàgàrà wọ̀nyí ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ ni ẹ óò gùn kí ẹ tó dé ìlú àtijọ́, níbi tí ẹ óò ti rí ààfin àti kóòtù àtijọ́. Lójú ọ̀nà, níbi tí ẹ bá ti jókòó láti mí, ni àwọn ọmọ ti máa ń kígbe pé, "Màmá, ẹ wo nǹkan tó wà lórí òkúta yẹn!"

Ẹranko kan ni, ó ń yá oòrùn. Orí rẹ̀ pọ́n bí epo, ara rẹ̀ rí bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró, ìrù rẹ̀ pọ́n láàárín, ó sì dúdú ní ṣóńṣó. Ó gbé àyà sókè, ó ń mi orí. Ẹnìkan á ní olóró ni, ẹlòmíràn á ti mú òkò. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń wò ná.

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ṣùgbọ́n dídá eléyìí mọ̀ kò ṣòro.

Èkíní, ẹ má ṣe wo àwọ̀ nìkan. Akọ tó jẹ́ ọ̀gá ní agbègbè rẹ̀ ló ń pọ́n lórí bẹ́ẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa ṣá lóru àti ní òwúrọ̀ kùtù tí òtútù mú. Àwọn ọmọ rẹ̀ àti akọ tí kò tíì di ọ̀gá rí bí erùpẹ̀. Abo náà rí bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àmì wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé lórí. Ẹ lè rò pé oríṣi méjì ni ẹ rí, kó sì jẹ́ baálé àti àwọn aya rẹ̀ ni.

Èkejì, ẹ wo bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ìpẹ́ rẹ̀ ṣe ṣákiṣàki, ihò etí rẹ̀ hàn, ó sì ń ṣẹ́jú. Ọmọ́nílé kì í ṣẹ́jú, ìsàlẹ̀ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, òru ló sì máa ń jáde jù. Ọ̀gà, tí àwọn mìíràn ń pè ní agẹmọ, ń rìn jẹ́jẹ́; ojú rẹ̀ kan lè wo iwájú kí èkejì wo ẹ̀yìn. Èyí tí ara rẹ̀ ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á, ìdílé mìíràn ni.

Kí wá ni eléyìí? Alángbá tó ń sáré lórí ògiri ilé yín náà ni! Agama ni àwọn onímọ̀ ń pè é, orúkọ tí Linnaeus kọ sílẹ̀ ní 1758. Kò ní oró rárá. Èèrà, tata àti kòkòrò ló ń jẹ. Orí tó ń mì, akọ mìíràn ló ń fi kìlọ̀ fún, ó sì tún ń fi pe abo.

Ohun ìyanu kan tún wà. Ní 1966, Madeleine Charnier ní Dakar, ní ilẹ̀ Senegal, kọ̀wé pé bí ibi tí ẹyin alángbá yìí wà bá ṣe gbóná tó ló ń pinnu bóyá akọ tàbí abo ni yóò pa.

Nítorí náà, ẹ gba òkò lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ má sì jẹ́ kó lé alángbá kúrò lórí àtẹ̀gùn: èékánná alángbá ń di àpáta mú, bàtà ọmọ yóò yọ̀, ibẹ̀ sì ga. Bí ó bá ti fọwọ́ kàn án, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun, nítorí alángbá lè gbé kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ ní kí ó dúró jẹ́jẹ́, kí ó ka iye abo tó yí baálé náà ká.