Ìka Méjìlá

Bí èèyàn bá ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, àwọn ará ilé á máa bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Lọ́dún tó kọjá, tèmi ríṣẹ́. Wọ́n ní kí n wá túmọ̀ fọ́ọ̀mù ọsibítù fún Màmá Aláṣọ, ẹ̀gbọ́n ìyá mi.

Àwọn dókítà ti rí kókó kan ní duodenum wọn, ìyẹn ibi tí ìfun kékeré ti bẹ̀rẹ̀. Èdè Látìn ni orúkọ yẹn ti wá: ìka méjìlá tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni àwọn àtijọ́ fi wọn gígùn ibẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín. "Aláṣọ bíi tèmi ni wọ́n."

Kókó náà kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ lè dà á bó bá pẹ́. Dókítà ò ní la ikùn o. Ọ̀nà ọ̀fun ló máa ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà wọlé, á fún omi sábẹ́ kókó náà kó lè gbéra sókè, á wá fi wáyà tó rí bí ojóbó gé e. Bí kókó bá kéré, wọ́n lè gé e láìlo iná, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í sábà dà lẹ́yìn ìyẹn. Tiwọn tóbi. Iná ni wọ́n máa lò.

"Bleeding" ò le láti túmọ̀. "Perforation" ló dá mi dúró. Ṣé kí n rọ̀ ọ́ lẹ́nu ni? Mo sọ ọ́ bó ṣe rí: ògiri ìfun fẹ́lẹ́ níbẹ̀, ó lè lu.

"Bíi léèsì tí áyọ́ọ̀nù jó," ni Màmá wí. Jàre, ta ló ń túmọ̀ fún ta?

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù kò sí nínú fọ́ọ̀mù náà. Òróòro àti omi tó ń da oúnjẹ ń ṣàn gba ojú ọgbẹ́ yẹn kọjá tọ̀sán-tòru. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ lè dà, ìfun sì lè lu, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan téèyàn ti délé. Abúlé ni Màmá ń gbé. Mo bi nọ́ọ̀sì pé ta ni ká pè lóru. Ó ní ká máa bọ̀ láàárọ̀. Láàárọ̀ kẹ̀!

Mo yí fọ́ọ̀mù náà padà, mo fi Yorùbá kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀dà tiwa: ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, èébì ẹ̀jẹ̀, òòyì, ibà, inú rírun tí kò lọ. Ẹ má dúró d'àárọ̀. Màmá kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, "Ilé yín ni mo máa sùn fún ọ̀sẹ̀ kan." Ìgbà yẹn ni wọ́n tó buwọ́ lùwé.

Òru ọjọ́ kẹrin ni wọ́n jí mi. "Ọmọ mi, ó ti dúdú."

A gbé wọn dé ọsibítù kó tó di aago mẹ́ta. Dókítà tún ti rọ́bà yẹn wọlé, ó fi kílíìpù kékeré méjì dí ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ páìǹtì méjì sí wọn lára.

Wọ́n ti padà sí ṣọ́ọ̀bù báyìí. Wọ́n ṣì máa lọ wò ó lóṣù tó ń bọ̀, torí irú kókó bẹ́ẹ̀ a máa hù padà.