Ẹ Ka Owó Kẹ́ Ẹ Tó Kó Òkúta

Àwọn kan ń bi wá pé, "Pásítọ̀, ẹ̀yin náà ń ta géèmù?" Bẹ́ẹ̀ ni o! Alẹ́ Fráídè la máa ń pa tẹlifísàn, tí àwa, Màmá àti àwọn ọmọ á jókòó ti tábìlì. Kì í ṣe tẹ́tẹ́. Kò tiẹ̀ sí dáìsì níbẹ̀, orí la fi ń ta á.

Caylus lorúkọ ẹ̀. William Attia, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣe é, ó jáde lọ́dún 2005. Ìtàn inú rẹ̀ ni pé lọ́dún 1289, Ọba Philip ti ilẹ̀ Faransé fẹ́ kọ́ ilé olódi tuntun kan láti dáàbò bo ààlà ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni 2 sí 5 ló lè ta á, òṣìṣẹ́ 6 ni olúkúlùkù ní. Ẹ ó máa rán wọn lọ wá oúnjẹ, igi, òkúta, aṣọ àti wúrà.

Ẹ wá gbọ́ o. Kẹ́ ẹ tó lè kọ́ apá kan ilé ọba, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ gbọ́dọ̀ kó wá, oúnjẹ sì gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀. Òkúta àti wúrà láìsí oúnjẹ, asán ni. Ẹni tó bá tìtorí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ tó sáré wọ ibẹ̀ lọ́wọ́ òfo, póìntì 2 ló máa pàdánù.

Ẹ̀yin tá a jọ wà níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Àwa náà ń kọ́lé n'Íbàdàn, ó ti dé orí fèrèsé. Àwọn ẹbí ń pè: "Pásítọ̀, ẹgbẹ́ yín ti ń ṣílé o!" Báńkì náà ṣe tán láti yá wa lówó páànù. Ṣùgbọ́n àkọ́bí wa ń wọ yunifásítì ní Sẹ̀tẹ́ńbà. Owó yẹn ni oúnjẹ nínú ohun mẹ́ta wa. Àwa méjèèjì gbàdúrà, a ṣírò ẹ̀, a sì pinnu: a ò yáwó. Páànù á dúró ná. Inú bí àwọn kan nílé, ó dùn wá, àmọ́ a sọ òótọ́ fún wọn.

Jésù fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú Lúùkù 14, pé ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ á kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó. Àwọn àgbà wa náà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ará, tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ òru méjì lẹ fi ń bọ́ ilé kan tí ẹnikẹ́ni ò gbé, táwọn ọmọ yín ò rójú yín mọ́, ẹ pe ilé lálẹ́ òní. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ sinmi díẹ̀. Ìtìjú kọ́ o.

Ilé tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ó parí ẹ̀, ẹ ó sì gbé inú ẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ yín, lórúkọ Jésù. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ Àmín yín.